Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Alága tó Ṣẹ́gun Gbéborùn

Ẹ̀gbọ́n mi, Alága wa,

Ẹ kú ìnáwó o. Mo tètè kí yín kí ẹ má baà sọ pé ọmọ tí ẹ máa ń ra àkàrà fún nígbà tó ń lọ sí pírámárì ò mọ inú rò. Mo wà níbi àsè ọjọ́ Sátidé yẹn títí wọ́n fi kó àga. Abẹ́ kánópì kejì ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹnẹrétọ̀, níbi tí wọ́n máa ń fi àwọn tó bá ń béèrè ìbéèrè nípàdé sí. Mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ mọ́ín-mọ́ín eléwé, mo gba ike ìfọwọ́ tí ẹ tẹ àwòrán yín sí. Mo sì ka àkọlé tí ẹ gbé kọ́ sẹ́nu géètì: ÌDÓ TI ṢẸ́GUN GBÉBORÙN. Ẹ wọ bàtà ròbà dé orúnkún nínú àwòrán náà, ẹ sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ewé tútù kan mọ́lẹ̀ bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ èyí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nawọ́ nípàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbé fóònù sétí bí ẹni pé wọ́n pè yín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, akọ̀wé ní àkókò ti lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní láti bá yín sọ: ọ̀kan nípa ewé, ọ̀kan nípa bàrò mi.

Ká ti orí ewé tó ń bo ojú ọ̀sà wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣẹ́gun gbéborùn. Iyọ̀ ló pa á.

Ìdó ni wọ́n ti bí yín. Ẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ afárá Carter kí èmi tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sà àti kànga, nítorí náà ẹ mọ̀ pé omi wa kì í jẹ́ ẹyọ kan náà yípo ọdún. Lásìkò òjò, odò Ògùn àtàwọn odò ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé omi dídùn wá láti òkè, wọn á ti omi òkun sẹ́yìn. Ojú ọ̀sà á pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Ìgbà yẹn ni gbéborùn ń kó tẹbí-tará dé. Bí òjò bá wá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ wọlé, omi òkè á fà, òkun á sì máa gba ẹnu èbúté wọlé díẹ̀díẹ̀ títí iyọ̀ á fi dé ìdí àwọn òpó afárá. Ewé yìí ò lè bá iyọ̀ gbé. Bí iyọ̀ bá ti tó gíráàmù 6 sí 8 nínú lítà omi kan, ikú rẹ̀ dé. Omi òkun fúnra rẹ̀ sì ń lọ bíi gíráàmù 35. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún, bí a bá ti jẹ ọdún tuntun tán, ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á rà, á rì, ojú omi á mọ́. Ẹ̀yin wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, ẹ gba ₦5,000 lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ṣàsè ìṣẹ́gun nínú oṣù kejì. Àkùkọ ló kọ, ilẹ̀ mọ́, ó wá ń bá wa gbowó oòrùn.

Ẹ lè ní ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Rárá o. Nínú oṣù kọkànlá yẹn kan náà, mo fa ewé náà mẹ́ta yọ nínú omi, mo gbé ike ọ̀dà mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo bu omi lítà 10 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ewé kan sí i. Omi kànga ni mo bu sí àkọ́kọ́. Omi kànga náà ni mo bu sí èkejì, ṣùgbọ́n mo da gíráàmù 80 iyọ̀ sí i. Ìyàwó mi ló wọ̀n ọ́n fún mi lórí òṣùwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà, ó sì béèrè bóyá orí mi pé. Ẹ̀kẹta, omi ọ̀sà tiwa gan-an ni, tí mo pọn lẹ́yìn ọjà Ìdó pẹ̀lú imú dídì.

Ní ọjọ́ kẹta, etí ewé inú omi oníyọ̀ ti gbẹ, ó ká bíi bébà tó sún mọ́ iná. Ìdí ewé rẹ̀ tó máa ń wú, tó sì máa ń le bí ọsàn àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti sùn gbalaja. Ti inú omi kànga wà níbẹ̀, kò kú, kò sì pọ̀ sí i, bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù. Èyí tó wà nínú omi Ìdó, ẹ̀gbọ́n, ló ń dán. Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti na okùn tín-ín-rín kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyẹn sápò, a máa padà sí i.

Ṣé ẹ tiẹ̀ ti la ọ̀kan wò rí, àbí ẹsẹ̀ nìkan lẹ mọ̀ ọ́n fi tẹ̀? Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la ìdí ewé tó wú yẹn, yàrá funfun wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀ bíi fóòmù tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ló wà nínú gbogbo wọn. Òun ni kì í jẹ́ kó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́ẹ́lẹ́ẹ́ nínú omi bí ìrù ẹṣin. Nígbà tí mo gbọn gbòǹgbò ẹyọ kan sínú abọ́, ìgbín wẹ́wẹ́ mẹ́rin, edé méjì àti ọmọ ẹja kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ló já bọ́. Ilé odidi ni.

Ọmọ Ìlàjẹ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé gbéborùn ni wọ́n ń pè é létí omi tiwọn, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Ta ló tún lè fún un lórúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láti ilé dé ilé, tó bá jókòó sójúlé kan láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà, ewé yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan tó bá sá pamọ́ sábẹ́ koríko nínú oṣù kárùn-ún, tó bá fi di ọ̀sẹ̀ ogún sí i, ó ti di 1,024. Ẹyọ kan nìyẹn o. Èso rẹ̀ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ tún lè sùn síbẹ̀ fún ọdún 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù. Ẹ̀yin náà ẹ ronú nípa ọ̀rọ̀ àṣírí kan tó sùn fún ọdún 15, tó wá jí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ yín.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbéborùn lẹ kọ sẹ́nu géètì, ojú oró lẹ máa ń pè é nípàdé. Mi ò lè gbàgbé àdúrà tí ẹ fi ṣí ìpàdé oṣù kẹwàá. Ẹ ní bí ojú oró ṣe ń lékè omi ni kí orí gbogbo wa máa lékè, kí ohunkóhun má lè tì wá sísàlẹ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i pé àdúrà náà ti gbà kí ẹ tó parí rẹ̀: láti ẹ̀yìn ọjà títí dé abẹ́ afárá, tútù yọ̀yọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ojú oró kọ́ nìyẹn. Ojú oró tí àwọn bàbá wa fi ń wúre pẹlẹbẹ ni, ó ṣí sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́ lẹ́túùsì, kò ní òdòdó tí ojú ń rí, ó sì ti wà nínú omi wa tipẹ́. Ti òṣíbàtà náà tún yàtọ̀. Àlejò ni gbéborùn, gúúsù Amẹ́ríkà, níhà odò Amazon, ló ti wá. Òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò rẹ̀ ló tan àwọn ènìyàn jẹ tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Nínú ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lórílẹ̀-èdè wa, nínú odò kéékèèké apá Àgbádárìgì, láti ìhà Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin. Kò gba físà, kò dúró ní bọ́dà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí etídò kan ní Èkó tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Àwórì ni yín, n kò ní kọ́ yín ní ìtàn ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí àwo Olófin Ògúnfúnminíre, baba ńlá yín. Bí àwọn àgbà ṣe ń pa á fún wa, orí omi ni wọ́n gbé àwo náà lé, wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé e títí yóò fi rì. Àwo bá odò Ògùn wálẹ̀. Bó bá dúró, á lo ọjọ́ 17. Ó dúró ní agbègbè Abẹ́òkúta, ó dúró pẹ́ ní Ìṣẹrì, ó yà ní Ìdó níbí, ó wá lọ pòyì ní Ìdúmọ̀tà, ó rì. Olófin padà sí Ìdó, wọ́n bi í pé àwo dà. Ó ní àwo ti rì.

Ẹ wo ọ̀nà tí gbéborùn ń gbà wá sọ́dọ̀ wa: odò Ògùn náà ni. Ìṣẹrì ló ń gbà kọjá, Àgbóyì ló ń yà sí, òmíràn á gba Májídùn, ó di Ìdó. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá wá pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, ńṣe ni gbogbo èyí tó ti ń bímọ lábẹ́ igbó láti òkè á já lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà baba ńlá yín ló ń tọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí kì í rì, àyàfi tí òkun bá fún un níyọ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọjọ́ tí ẹ jáde lọ bá a jà, Sátidé kejì oṣù kọkànlá. Ẹ kó ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá jáde, àdá mẹ́jọ, ràkì mẹ́ta, bàrò ẹyọ kan. Tèmi ni bàrò. Ẹ ní kí wọ́n máa gé e. Ẹ̀gbọ́n, gbéborùn tí ẹ bá ṣá ládàá, ìbísí ni ẹ fún un. Okùn tó so ìyá mọ́ ọmọ ni àdá yín gé. Ọmọ di onílé tirẹ̀, omi sì gbé e lọ síbi tí kò dé rí. Èyí tí wọ́n rí fà sókè, ẹ ní kí wọ́n tò ó jọ sí etí omi gan-an, kí fọ́tò lè gbé e dáadáa. Òkìtì náà ga dé èjìká akọ̀wé. Ẹ yà á láti iwájú, ẹ yà á láti ẹ̀yìn, ẹ gun orí rẹ̀ ẹ tún yà á. Ó di alẹ́, omi kún. Èmi tí ẹ̀fọn ò jẹ́ kí n sùn ni mo dúró lójú fèrèsé. Mo rí òkìtì náà tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí ní ìdí, ó wá rọra ń bá omi lọ bí èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Tẹ́mínọ́ọ̀sì Ìdó láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí etí omi mọ́ fééfé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ìjọba ti wá bá wa kó o.

Lóòótọ́ ni àwọn LASWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ ń fi ẹ̀rọ kó o lójú ọ̀nà ọkọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn NIWA ti ìjọba àpapọ̀ náà ní ẹ̀rọ tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn ò dé ẹ̀yìnkùlé wa lóru ọjọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé iṣẹ́ náà rọrùn. Kò rọrùn. Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti ṣìṣe lórí rẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1910, aṣòfin kan láti Louisiana, Robert Broussard, gbé àbá òfin wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ wọn pé kí wọ́n lọ kó erinmi wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n dà wọ́n sínú odò wọn. Erinmi á jẹ gbéborùn, àwọn á sì jẹ erinmi, torí ẹran wọ́n lásìkò náà. Àbá náà ò kọjá. Mò ń ro ohun tí ìgbìmọ̀ tiwa ì bá ṣe ká ní ó kọjá níhìn-ín: ẹ ò bá ti pín itan erinmi níbi àsè kó tó ba ewé kan jẹ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju hóró ìrẹsì. Kòkòrò kan ni, tó jọ èyí tó máa ń jẹ àgbàdo nínú àpò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Neochetina. Ilẹ̀ ibi tí gbéborùn ti wá ni òun náà ti wá, ewé yìí sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àgbà kòkòrò á máa ha ojú ewé, ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọ inú ìdí tó wú yẹn, omi á ráyè wọ yàrá afẹ́fẹ́, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí olú ilé wọn wà n'Ìbàdàn, lo ẹ̀ka wọn ní orílẹ̀-èdè Benin láti tú u sínú omi níbẹ̀ láti ìparí ọdún 1991. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò òkìtì. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ó ṣì ń jẹun. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2003, wọ́n rí i pé nígbà tí gbéborùn gbilẹ̀ jù, mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí 200,000 lọ́dún kan ní gúúsù Benin. Ọkùnrin pàdánù rẹ̀ nídìí ẹja pípa, obìnrin pàdánù rẹ̀ nídìí ẹja títà àti oúnjẹ títà. Kòkòrò dá mílíọ̀nù 30.5 padà fún wọn lọ́dọọdún. Gbogbo owó tí iṣẹ́ náà ná wọn jẹ́ mílíọ̀nù 2.09. Bí èrè náà bá ń wọlé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là kan tó jáde á mú 124 wálé. 

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín: "Ó dáa, ká lọ ra kòkòrò!" Ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá tú u sí Ìdó, oṣù díẹ̀ ni yóò lò. Iyọ̀ á dé, ewé á kú, kòkòrò tí kò mọ oúnjẹ mìíràn á kú tẹ̀ lé e. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, gbéborùn tuntun á dé láti òkè láìsí ọ̀tá. Òkè odò, níbi tí omi ti dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ni irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ti wúlò. Kì í ṣe ẹ̀yìn ọjà Ìdó, kì í sì í ṣe iṣẹ́ alága àdúgbò kan.

Ti àdúgbò wa ni ike kẹta yẹn. Ẹ mú un jáde nínú àpò.

Kí ló dé tí gbéborùn fi ń dán nínú omi Ìdó ju omi kànga lọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kàn máa ń gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè ni bí a bá dé ibẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ọdún kan tàbí méjì, tí àwọn táńkà tó ń fa sóòkàwéè ti ń wá sí Ìdó láti gbogbo Èkó láti da ẹrù wọn, tí ẹrù náà sì ń wọ ọ̀sà. Sóòkàwéè Súrùlérè, ti Yábàá, ti Muṣin, ti àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń fi òórùn dídùn sí yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń rán an wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú àpò ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fi owó gidi rà: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ fi ti ìdọ̀tí tí gọ́tà Òyìngbò ń gbé wá sí i. Ọ̀fẹ́ là ń bọ́ gbéborùn, ká tó wá dá owó jọ láti lé e.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn orúkọ yẹn nìyí. Gbéborùn kì í purọ́. Ohun tó bá rí ló ń sọ. Ibi tó bá ti sanra, ohun kan wà nínú omi ibẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, òun sì dúró lójú omi, ó gbé òdòdó wọ̀, ó ń rò ó fún gbogbo ẹni tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá. Ẹ̀yin ní kí wọ́n gé e lórí.

Ní ti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fi gbéborùn hun, tí ẹ ní ẹ fẹ́ dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gbọ́ pé ẹ ti ń wá ẹni tó máa ṣí i. Ìyáàfin Achenyo Idachaba ti ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa: ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó wá sí Ìbàdàn, ó dá MitiMeth sílẹ̀, wọ́n ń sá ìdí ewé náà, wọ́n ń lọ́ ọ bí okùn, wọ́n ń fi hun apẹ̀rẹ̀ àti àpò, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará etí omi níṣẹ́ náà. Èmi náà dán an wò. Bàrò kan kún fọ́fọ́ (nígbà tí bàrò ṣì wà lọ́wọ́ mi), mo sá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi lásán ni ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, ó tiẹ̀ lé. Ohun tó kù kò tó hun fìlà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó ń bọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí apẹ̀rẹ̀ tó lè gbẹ ọ̀sà. Bí ẹ bá sì fi lè di olówó nídìí rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fomi rin ín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ò pọ̀, kò sì gba kánópì. Ẹ má dúró de oṣù kọkànlá. Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí ewé náà ṣì kéré, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i, ẹ jẹ́ ká bá àwọn àgbà Àgbóyì àti ti Májídùn sọ̀rọ̀, ká gba ọkọ̀ méjì, ká lọ fà á níbi tó ti ń wọ ọ̀sà. Fífà ni o, tìdí-tìdí, kì í ṣe ṣíṣá. Kí a kó o lọ jìnnà sí omi, síbi tí omi kíkún ò lè dé, kó jẹrà níbẹ̀, kí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ wá gbé e. Ẹyọ kan nínú oṣù kẹfà sàn ju òkìtì kan nínú oṣù kọkànlá. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Ìkòròdú á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ju ẹni tó gba ike ìfọwọ́ lọ. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí, mọ́tò lẹ máa ń wọ̀. Láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì á kàn gbin lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Ewé ti wé mọ́ abẹ tó ń yí nínú omi, tàbí ó ti dí ihò tí omi ìtutù ń gbà wọlé. Ọlọ́kọ̀ á gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè, á mú ọ̀bẹ, á tẹ̀ síwájú lórí omi. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń fi wa ṣẹ̀fẹ̀ láti Èbúté Èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ́líìtì aṣọ ìgbàlà rẹ̀.

Ti táńkà, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin lẹ ní òǹtẹ̀, tí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá lè kọ èyí tí ẹ fi pe àwọn aláṣẹ wá jẹ ìrẹsì, ẹ lè kọ èyí tí yóò bi wọ́n léèrè ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ń lọ. Èmi á fọwọ́ sí i, ìyàwó mi náà á fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ ṣì ń bínú nípa iyọ̀ rẹ̀.

Ó ku bàrò.

Aláwọ̀ búlúù ni, táyà rẹ̀ pupa, mo fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà orúkọ mi sí ìdí rẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ kan lẹ fẹ́ yá a. Ó di oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀ òní mo gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá, mo rí i. Ẹ ti gbé e sí abẹ́ AC yàrá yín, omi AC ń kán sínú rẹ̀ tótó-tótó, ẹrẹ̀ Sátidé oṣù kọkànlá yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbéborùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ara wọn dá ṣáṣá. Ọ̀kan ti yọ òdòdó.

Ẹ bá mi kó wọn dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ẹ tó dá bàrò náà padà. Ẹ má dà wọ́n sí gọ́tà o, ẹ̀gbọ́n, torí Ọlọ́run.

Èmi ni àbúrò yín,
ilé kejì sí tiyín.